Ẹni Tí A Fi Irin Lé Lọ́wọ́ ní Onitsha

Àwọn àgbà a máa wí pé ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Bóyá ni ìlú kan wà létí Odò Ọya tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu tó Onitsha, ìlú àwọn ọmọ Chima, tí ìtàn wọn sọ pé ìhà Ìbíní ni àwọn ti ṣí wá kí wọn tó sọdá odò, tí wọ́n sì tẹ̀dó sí bèbè rẹ̀ níhà ìlà-oòrùn. Ìlú tí ọjà rẹ̀ tóbi dé ibi pé a kì í ka àwọn ọjà ńláńlá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Adúláwọ̀ kí a má dárúkọ rẹ̀. Ìlú tí èrò tí ó bá ń ti Èkó àti Ìbíní lọ sí ilẹ̀ Ìgbò ń gba orí afárá rẹ̀ kọjá. Ohun tí ó bá bá ojú odò tàbí orí afárá náà wọlé, ìbáà ṣe aṣọ, ìbáà ṣe ìwé, ìbáà ṣe ẹ̀tù, Onitsha ni yóò kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ sí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí òfin ìbọn, ọ̀bẹ àti àdá ṣe dé àárín wa, àti ìdí tí òfin náà kò fi tíì fi ọkàn ará ìlú balẹ̀ títí di òní, kí ó wá ibẹ̀ wá wò ó. Ohun tí yóò rí, lójú tèmi, ni pé ọjọ́ pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ti ń ṣòfin lórí irin, síbẹ̀ ọwọ́ tí yóò di irin náà mú ni wọ́n ń jà lé lórí ní gbogbo ìgbà.

Ìbọn ti wà ní Onitsha kí òyìnbó tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Etí òkun ni ó ti ń gòkè bọ̀, láti ọwọ́ àwọn ará Brass dé ọwọ́ àwọn ará Aboh, tí ọkọ̀ ogun wọn a máa gbé àgbá síwájú, tí ọba wọn, Obi Ossai, sì ni ẹni tí wọ́n mú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Lander, àwọn arìnrìn-àjò òyìnbó, tọ̀ lọ ní ọdún 1830. Nígbà tí Ajayi Crowther, ọmọ Òṣoogùn, gúnlẹ̀ sí Onitsha ní oṣù keje ọdún 1857 nínú ọkọ̀ Dayspring ti Dókítà Baikie, tí òun àti Àlùfáà John Christopher Taylor, ọmọ Ìgbò tí a bí sí Freetown, jọ lọ kí Obi Akazua láàfin, ẹni tí ó mọ ìbọn dunjú ni ó lọ kí ọba náà, àbí kí ni ọmọ tí a kó lẹ́rú ní ọdún 1821, lọ́jọ́ tí ogun fọ́ ìlú baba rẹ̀, kò mọ̀ nípa ohun tí irin ń fi ojú ìlú tí kò ní aláàbò rí? Ìhìn rere ni ó gbé dání. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà tí ó gbé ìhìn rere ni ó gbé ọjà Macgregor Laird, tí ilé ìṣòwò rẹ̀ fìdí sọlẹ̀ létí odò lọ́dún náà, ìbọn àti ẹ̀tù sì wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò orí odò náà ń fi gba epo pupa àti eyín erin lọ́wọ́ àwọn ará ilẹ̀.

Kí a má ṣe rò pé ogun nìkan ni ìlú ń fi ìbọn náà jà. Ní Onitsha, bí ó ti rí ní ilẹ̀ Yorùbá, ìbọn ní iṣẹ́ ọlá tí ó ń ṣe. Bí olóyè bá wọ káà ilẹ̀ lọ, àgbá tí àwọn Ìgbò ń pè ní mkponala ni yóò tú ìròyìn ikú rẹ̀ ká, tí ará oko àti ará odò yóò fi mọ̀ pé erin wó, àjànàkú sùn bí òkè. Bí Obi bá sì fẹ́ jáde sí gbangba lọ́jọ́ ọdún Ọ̀fala, tí ó fi adé oníyẹ̀ẹ́ ẹyẹ sórí, tí àwọn olóyè Ndichie tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ níwájú rẹ̀, ìró àgbá ni yóò ṣáájú rẹ̀ jáde. Ẹni tí kò bá mọ èyí kò ní mọ ìdí tí ó fi ṣòro fún ará ìlú láti gbà, nígbà tí àkókò tó, pé ohun tí baba wọn fi ń bọ̀wọ̀ fún òkú ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ẹni tí ó bá sì ń sọ ìtàn ìbọn ní Onitsha tí kò dárúkọ Awka, ó se ọbẹ̀, kò fi iyọ̀ sí i. Ìrìn àjò kúkúrú ni láti Onitsha dé ìlú náà, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ tí ọmọ Ògún ilẹ̀ wa ìbá yà sí bí ẹni ya ilé ẹ̀gbọ́n. Àwọn alágbẹ̀dẹ Awka kì í jókòó sílé kí oníṣẹ́ wá bá wọn. Wọn a gbé ẹwìrì, owú àti ẹ̀mú wọn kọ́ èjìká, wọn a máa lọ láti ìlú dé ìlú, wọn a kọjá Odò Ọya sí ìhà Ìbíní, wọn a gòkè sí ìhà Ìgalà, wọn a wọ̀ sí ilé olórí àdúgbò fún oṣù bíi mélòó kan, ọkọ́ tí ó bá kán, wọn a jó o, àdá tí ó bá kú, wọn a pọ́n ọn, ìbọn tí apátí rẹ̀ bá sì ti dákẹ́, wọn a tún un ṣe títí yóò fi fọhùn. Láti orí àtúnṣe ni wọ́n ti bọ́ sórí àtiṣe, títí ìbọn tí wọ́n rọ fúnra wọn fi ń wọ ọjà. Lẹ́yìn tí òfin ti ka ìbọn rírọ láìgbàṣẹ lé ẹ̀ṣẹ̀ lórí pàápàá, orúkọ Awka kò kúrò lẹ́nu àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa ìbọn ìbílẹ̀. Mi ò rò pé ó yẹ kí a dá àwọn alágbẹ̀dẹ lẹ́bi gbogbo èyí. Bí ọwọ́ bá mọ iṣẹ́ tán, tí ìlú sì ń béèrè iṣẹ́ náà, òfin kò lè mú kí ọwọ́ gbàgbé.

Òfin tí ó kọ́kọ́ dé, ojú odò ni ó bá wọlé, ohùn àgbá ni ó sì fi sọ̀rọ̀. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún 1879, nígbà tí aáwọ̀ ti le láàárín àwọn ará Onitsha àti àwọn oníṣòwò òyìnbó, tí àwọn ará ìlú sì ti kọlu ẹrù àwọn òyìnbó náà, ọkọ̀ ogun ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní Pioneer dúró síwájú ìlú, ó sì rọ̀jò ọta lé e lórí láti ọjọ́ kan dé èkejì. Ọdún kan náà ni George Goldie kó àwọn ilé ìṣòwò Gẹ̀ẹ́sì orí Odò Ọya pọ̀ ṣọ̀kan. Ọdún 1886 ni ilé iṣẹ́ náà gba ìwé àṣẹ ọbabìnrin, tí ó di Royal Niger Company, tí ó fi Asaba, ìlú tí ó kọjú sí Onitsha lódìkejì odò, ṣe ibùjókòó àṣẹ rẹ̀, tí ó sì ní ọmọ ogun tirẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó ń ta ìbọn ni ó tún ń pinnu ẹni tí yóò rà á.

Ní oṣù keje ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù parí àdéhùn kan ní Brussels, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, nínú èyí tí wọ́n ti fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé wọ apá tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Adúláwọ̀: ìbọn tí a fín inú rẹ̀ kí ọta lè lọ tààrà, ìbọn tí a ń kì láti ìdí, kò gbọdọ̀ dé ọwọ́ àwọn ọmọ ilẹ̀, ṣùgbọ́n ṣakabùlà olókùúta-ìṣáná àti ẹ̀tù lásán, wọ́n lè máa rà wọ́n lábẹ́ ìṣọ́. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ti wí, ni pé ìbọn ni ó ń fún òwò ẹrú lágbára. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ẹni tí ó bá rántí ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó fi ń ra ìbọn tí a ń kì láti ìdí ránṣẹ́ sílé, tí ìró rẹ̀ sì da jìnnìjìnnì bo àwọn jagunjagun Ìbàdàn, yóò mọ ohun tí ìbọn titun lè ṣe fún ogun tí ó ti pẹ́. Síbẹ̀, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Ekumeku bẹ̀rẹ̀ sí í bá Royal Niger Company jà nínú igbó ẹ̀yìn Asaba láti ọdún 1898, tí wọ́n sì bá ìjọba tí ó rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 1900 jà fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ṣakabùlà ni wọ́n fi dojú kọ ìbọn arọ̀jò-ọta. Àdéhùn Brussels ti parí ìjà náà kí ìjà náà tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwé ṣe ohun tí ó ti ń fi àgbá ṣe. Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí ó bo gbogbo gúúsù Nàìjíríà mọ́lẹ̀ láti ọdún 1916 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti gbé ohun ìjà kiri ní gbangba láìnídìí, lọ́nà tí yóò fi dẹ́rù ba ènìyàn; ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni ó so mọ́ ọn. Òfin tí ó gbọ́n ni, nítorí kò béèrè bóyá ìbọn ni tàbí kùmọ̀, ìwà ẹni tí ó gbé e ni ó ń wò. Àwọn aláṣẹ tí ó ṣe é kò fi í wo ara wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní kòtò èédú Iva Valley ní Enugu, ìbẹ̀rù kí ohun ìbúgbàù tí a fi ń fọ́ èédú má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí ń jà fún òmìnira ni ó mú kí ìjọba rán ọlọ́pàá lọ kó o kúrò. Nígbà tí ìbọn ọlọ́pàá yóò fi dákẹ́, òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógún ti kú. Ìrúkèrúdò tẹ̀lé e ní Aba, Port Harcourt, Calabar àti ní Onitsha pẹ̀lú. Nítorí ohun ìjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì lò ni àwọn tí ó ní ohun ìjà fi lo tiwọn.

Òfin Ohun Ìjà Oníná ti ọdún 1959, tí ó ṣì ń ṣàkóso wa, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àgbá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ogun àti ìbọn ìléwọ́ wà ní ìpele èkínní, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní láìgbàṣẹ lọ́wọ́ Gómìnà Àgbà, tí ó di Ààrẹ nígbà tí ó yá. Ìbọn ọdẹ ti òyìnbó wà ní ìpele kejì, Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ni ó ń fún ènìyàn ní láísẹ́nsì rẹ̀. Ṣakabùlà wà ní ìpele kẹta, àṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ tó fún un. Ẹni tí ó bá fi etí inú gbọ́ yóò gbọ́ ohùn Brussels nínú ìpín yìí. Nípa ọ̀bẹ àti àdá, òfin náà kò sọ nǹkan kan, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ta ni yóò sọ fún àgbẹ̀ pé kí ó gba ìwé àṣẹ kí ó tó ṣánko, tàbí fún alápatà ní ọjà Ochanja ní Onitsha pé kí ó fi eyín gé ẹran?

Ogun abẹ́lé dé, ó sì da gbogbo rẹ̀ rú. Afárá Odò Ọya tí wọ́n parí ní ọdún 1965 kò pé ọdún méjì lórí ìdúró tí àwọn ọmọ ogun Biafra fi fọ́ ọ ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kejì tí Murtala Muhammed ń darí má baà gba orí rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá, wọ́n dáná sun ọjà ńlá náà, a sì lé wọn padà. Oṣù kẹta ọdún 1968 ni wọ́n tó gba ìlú. Nígbà tí ogun parí ní oṣù kìíní ọdún 1970, ìbọn wà nínú igbó, ìbọn wà nínú àjà, ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ ọ́n yìn wà lójú pópó láìníṣẹ́. Ìjọba ológun kò fi àkókò ṣòfò: lọ́dún náà gan-an ni ó gbé òfin jáde tí ó fi ikú ṣe ẹ̀san adigunjalè tí ó bá gbé ìbọn tàbí ohun ìjà mìíràn. Ohun ìjà mìíràn náà ni kí a wò dáadáa. Òfin náà kà á: ìbọn atẹ́gùn, ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀, àdá, ọ̀bẹ olójú méjì, kùmọ̀, àní ègé igi, irin, gíláàsì tàbí òkúta tí a bá lè fi ṣe ènìyàn léṣe. Báyìí ni ọ̀bẹ, tí ó ti bọ́ nínú òfin ọdún 1959, ṣe bá ọ̀nà ẹ̀yìn dé ẹnu òfin, tí ìyà rẹ̀ sì ju ti ìbọn àtijọ́ lọ. A rí i ní Bar Beach ní Èkó ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, nígbà tí a yìnbọn fún Ishola Oyenusi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lójú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ìran náà kò lé olè lọ. Ogún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ṣì ń so olè mọ́ igi, olè sì ń pọ̀ sí i.

Ó pọ̀ ní Onitsha ju ibi púpọ̀ lọ, nítorí ibi tí owó bá wà ni ojú olè ń wò. Ní ìparí ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn oníṣòwò kò lè sùn. Ọlọ́pàá kò tó, àwọn tí ó sì wà, ìlú kò fọkàn tán wọn. Àwọn aránbàtà àti oníṣòwò Aba ti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1998 tí ó ń mú olè, tí ó ń dá wọn lẹ́jọ́, tí ó sì ń pa wọ́n. Bakassi Boys ni orúkọ wọn. Ní ọdún 2000, bí àwọn ọlọ́jà ti ń ké, Gómìnà Chinwoke Mbadinuju pè wọ́n wá sí Onitsha, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ Anambra sì ṣòfin tí ó sọ wọ́n di fijilanté ìjọba. Wọ́n dé pẹ̀lú aṣọ dúdú, pẹ̀lú oǹdè lọ́rùn, pẹ̀lú ìbọn àti àdá, ẹnu ará ìlú sì kún fún ìtàn àdá wọn: pé bí wọ́n bá gbé e lé ènìyàn láyà, tí ó bá ti pànìyàn rí, àdá náà yóò pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Òótọ́ ni pé olè dínkù. Àwọn ìyá ọlọ́jà yìn wọ́n, àwọn èrò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lóru, kò sì yẹ kí ẹni tí kò sùn ní Onitsha lọ́dún wọ̀nyẹn yára bú ẹni tí ó yìn wọ́n.

Ṣùgbọ́n lójú títì ni wọ́n ń pa ènìyàn, wọ́n ń fi àdá gé e, wọ́n ń fi táyà sun ún, kò sí adájọ́, kò sí agbẹjọ́rò. Nígbà tí ó ṣe, gbèsè ọjà, ìjà ilẹ̀ àti ìjà òṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹjọ́ tí a ń gbé tọ̀ wọ́n lọ. Ẹni tí a ní kó wá fẹ́ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, Human Rights Watch àti ẹgbẹ́ CLEEN ti ilẹ̀ wa tẹ ìwé jáde tí ó tú ìwà wọn síta. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, a pa Barnabas Igwe, alága ẹ̀ka Onitsha ti ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, àti Abigail aya rẹ̀, ní ìlú náà, lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti bá gómìnà wí lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò san. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ìjọba àpapọ̀ rán ọlọ́pàá lọ tú Bakassi ká. Àwa náà ní ilẹ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí a ní ẹgbẹ́ tiwa tí a yìn lówùúrọ̀, tí a sì sá fún nírọ̀lẹ́.

Ọdún 2006 fi hàn pé ìbọn kò fi bẹ́ẹ̀ pọn dandan fún ẹni tí ó bá fẹ́ dá ìlú rú. Ní oṣù kejì, lẹ́yìn tí a ti pa àwọn ọmọ Ìgbò ní Maiduguri, tí òkú wọn sì ń dé sílé, àwọn ọ̀dọ́ dúró sí orí afárá Onitsha pẹ̀lú àdá àti kùmọ̀, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ará Òkè Ọya tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Àdá tí a rà ní ìsọ̀ onírin fún ṣíṣánko ni. Ní oṣù kẹfà, ìjà bẹ́ láàárín MASSOB, ẹgbẹ́ tí ó ń jà kí Biafra dá dúró, àti àwọn ọmọ NARTO, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́kọ̀, ní gáréèjì, Gómìnà Peter Obi pàṣẹ kónílé-ó-gbélé, a sì kó ṣọ́jà wọ ìlú. Nínú oṣù yẹn kan náà, ní ọjọ́ 14, ni àwọn olórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Adúláwọ̀ jókòó ní Abuja tí wọ́n fi ọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS lórí ìbọn kéékèèké, àdéhùn tí ó dára gan-an lórí ìwé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, àwọn aṣòfin Anambra tún gbé òfin kan kalẹ̀ láti dín ìnáwó ìsìnkú kù, wọ́n sì ka ìbọn yíyìn mọ́ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe níbi òkú. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ìtanràn rẹ̀. Báyìí ni òfin ṣe dé ọ̀dọ̀ mkponala nígbẹ̀yìn. Mo gbà pé ìdí wà fún un, nítorí ní ìlú tí adigunjalè ń yìnbọn tọ̀sán-tòru, ẹni tí ó bá gbọ́ ìró kò lè mọ̀ bóyá òkú ni a ń sin tàbí òkú ni a ń pa. Ó kàn ń ṣe mí bákan pé nínú gbogbo ìbọn tí ó wà ní Anambra, èyí tí kò ní ọta nínú ni ó rọrùn jù fún òfin láti mú.

Nígbà tí àwọn agbébọn tí a kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Ìgbò láti ọdún 2021, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nípa ọwọ́ tí yóò di irin mú tún padà wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, Gómìnà Charles Soludo dá ẹgbẹ́ aláàbò Agunechemba sílẹ̀, ó sì fi òfin ìpínlẹ̀ tì í lẹ́yìn. Ìṣòro wọn kò yàtọ̀ sí ti Àmọ̀tẹ́kùn wa, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2020. Lẹ́yìn tí a pa àwọn olùjọsìn ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, Gómìnà Rotimi Akeredolu ti ìpínlẹ̀ Oǹdó ké pé òun yóò ra ìbọn ìgbàlódé fún Àmọ̀tẹ́kùn, Abuja sì dá a lóhùn pé òfin kò gbà á. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 sọ pé ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni yóò wà fún gbogbo Nàìjíríà, òfin ọdún 1959 sì fi ìbọn ogun sábẹ́ ọwọ́ Ààrẹ nìkan. Gómìnà lè ṣòfin, ó lè ra ọkọ̀, ó lè rán aṣọ fún àwọn ọ̀dọ́, ó lè san owó oṣù wọn. Ìbọn tí adigunjalè ń rà lóru ni kò lè rà fún wọn lọ́sàn-án. Ìbọn ọdẹ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣọ́ ọjà àti àdúgbò ní Onitsha fi ń dojú kọ AK-47, àwọn ọlọ́jà sì ń dá owó láti máa san fún wọn.